Lọ́jọ́ Kejì Paraguay

Èmi kì í ṣe aláfẹ́ bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù ló gbé mi dé ìgbèríko ilẹ̀ Faransé. Ọdún 1998 ni, nígbà tí wọ́n ń gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé lọ́hùn-ún, tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó lówó àti àwọn tó yá owó, ń wá bí wọ́n ṣe máa sọdá òkun lọ wo Super Eagles. Ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bùrọ̀dá, da owó jọ, wọ́n lọ háyà ọkọ̀ onílé kan: mọ́tò gbọọrọ tó ní ibùsùn, sítóòfù, fìríìjì, táǹkì omi àti ilé ìyàgbẹ́ nínú. Ìṣirò Bùrọ̀dá ni pé a ò ní san owó òtẹ́ẹ̀lì, a ò sì ní ra oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kó gàrí láti Peckham, ó kó ẹ̀pà, ó kó ọbẹ̀ ata dídì sínú àwọn ike tí wọ́n fi ń ta áíìsìkiriìmù. Èmi àti àwọn ìbejì, tí wọn ò tíì tó ilé ìwé lọ nígbà yẹn, ni wọ́n fi dí àyè tó kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà á rántí irú oṣù tí oṣù kẹfà yẹn jẹ́. Ní ọjọ́ 8, Abacha, olórí ìjọba ológun, kú lójijì. Ní ọjọ́ 13, ní Nantes, Super Eagles na Sípéènì ní 3 sí 2. Mutiu Adepoju ọmọ Ìbàdàn fi orí kan ti àkọ́kọ́ wọlé, Sunday Oliseh gbá èyí tó kẹ́yìn láti òkèèrè, a sì jó títí ọkọ̀ onílé fi ń mì. Láàárín ọjọ́ mélòó kan sí i, wọ́n dá Ọbásanjọ́ sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn náà a na Bulgaria ní Paris, 1 sí òdo. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, bíi ti Ọbásanjọ́. Ẹnìkan ṣoṣo ló kù tí ojú wa ń wá lọ́nà ẹ̀wọ̀n, ìyẹn MKO Abíọ́lá, tí a dìbò fún sípò ààrẹ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993. Ibikíbi tí ọmọ Yorùbá méjì bá ti pàdé ní Faransé nígbà yẹn, wọn á kọ́kọ́ sọ ti Okocha, wọn á wá rẹ ohùn sílẹ̀ sọ ti MKO.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Toulouse ní ọjọ́ 24. A ti gba ipò kìíní nínú ìsọ̀rí tiwa, nítorí náà kóòṣì fi púpọ̀ nínú àwọn àgbà ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n sinmi. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí Paraguay fi gbá ti àkọ́kọ́ wọlé. Wilson Oruma dá a padà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó máa parí, ó ti di 3 sí 1. Bùrọ̀dá kò jẹun alẹ́. Ó ní bí ènìyàn bá ti fi ẹgbẹ́ tó dáa sílẹ̀ nítorí ìsinmi, ìsinmi náà ló máa ń rí gbà. Èmi ò mọ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n mo mọ ilé tí inú ti bàjẹ́, pàápàá ilé tó ní táyà mẹ́rin tí kò sí yàrá tí mo lè sá wọ̀.

Ìdíje tó kàn, Dẹ́ńmáàkì, wà ní Saint-Denis lẹ́bàá Paris ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 28. Ọkọ mi fẹ́ gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ tààrà. Mo ní rárá. Mo ní mo ti tẹ̀lé yín láti Nantes, mo ti se ẹ̀bà fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó mọ nọ́ḿbà mọ́tò wa. Ẹ fún èmi náà ní ọjọ́ kan. Mo rí ìwé pélébé kan ní ibi ìpàgọ́ tí a sùn sí: àwòrán ìlú kékeré kan tó jókòó sórí òkè, tí ìkúukùu bo gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀. Cordes-sur-Ciel ni orúkọ ìlú náà. Cordes lásán ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ọdún 1993 ni wọ́n fi ojú ọ̀run kún orúkọ rẹ̀, nítorí àwọn àlejò, mo rò. Bùrọ̀dá wo àwòrán náà títí. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé o ti ro ti ẹni tó máa wa mọ́tò gun ibẹ̀?" Ó sì ká máàpù sórí tábìlì. Bí mo ṣe mọ̀ pé ó gbà nìyẹn.

Ọkọ̀ onílé kì í ṣe ọkọ̀ tí ènìyàn kàn ń ṣáná sí kó sì gbéra. Láàárọ̀, ìwọ á kó gbogbo abọ́ sínú àpótí, wàá ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, torí pé kọ́nà àkọ́kọ́ ni ike ata máa já bọ́ sílẹ̀. Wàá pa gáàsì. Wàá fi họ́ọ̀sì pọn omi mímọ́ sínú táǹkì kan, wàá sì tú omi ìdọ̀tí sílẹ̀ láti inú èkejì. Iṣẹ́ tó kù kò gbayì rárá. Àpótí ike kan wà lábẹ́ ilé ìyàgbẹ́ náà tí wọ́n ń fà yọ láti ìta, tí ènìyàn máa gbé lọ́wọ́ kọjá níwájú gbogbo àwọn Òyìnbó tó ń mu kọfí wọn, lọ dà á nù síbi tí wọ́n ṣe fún un. Bùrọ̀dá ò lè ṣe é, àgbà ni. Èmi ò lè ṣe é, èmi ni mò ń dáná. Lójoojúmọ́ ni ọkọ mi máa ń gbé e, tí á máa sọ fún àwọn ìbejì pé kí wọ́n wá wo bàbá wọn, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó di agbépòó ní Toulouse. Ní ti òtítọ́, bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ìgbéyàwó ṣe lágbára tó, kí ó háyà mọ́tò yìí fún ọ̀sẹ̀ kan.

A yẹra fún ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń gba owó, a gba N88, ọ̀nà àtijọ́ tó lọ láti Toulouse sí Albi, tó ń bá odò Tarn rìn ní apá kan. Ìyẹn ò sí nínú ẹ̀rọ kankan. Inú máàpù Michelin aláwọ̀ ìyeyè ló wà. Lórí máàpù yẹn, wọ́n máa ń fi ìlà ewé tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó bá lẹ́wà, Bùrọ̀dá sì ti pinnu pé a ò ní kúrò lórí ìlà yẹn mọ́ lọ́jọ́ náà àfi bó bá pọn dandan. Ó jókòó sídìí tábìlì lẹ́yìn wa, awò lójú, ìka lórí máàpù, ó ń pe orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan kí a tó dé e. Kútọnu ló ti ta ọjà kó tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọjà Dantokpa ló ti kọ́ Faransé, ó sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń ná ọjà, kódà tó bá jẹ́ ọ̀nà ló ń béèrè.

Iṣẹ́ tèmi wà níwájú. Mọ́tò Ìlú Ọba ni, ọwọ́ ọ̀tún ni awakọ̀ rẹ̀ ń jókòó sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀tún náà ni wọ́n ń gbà ní títì Faransé. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ọkọ mi ń wakọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko, èmi tí mi ò wakọ̀ ni mo wà láàárín títì, tí tírélà ń bọ̀ wá bá lójúkojú. Nígbà tí katakata bá wà níwájú wa, ọkọ mi kò lè rí ohun tó ń bọ̀. Èmi ni mo máa na ọrùn síta wò.

"Ìyá Ìbejì, ṣé ó ti ṣófo?"

"Ẹ ní sùúrù. Ẹ ní sùúrù. Bàbá Ìbejì, mo ní kí ẹ ní sùúrù!"

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó yá, ẹ máa lọ! Ẹ máa lọ, ẹ má wo ojú mi!"

Báyìí la ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ katakata kọjá láti Toulouse títí dé òkè. Ohùn mi ti há kí a tó dé Rabastens.

Mo ti ń gbé Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún púpọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ìgbèríko Òyìnbó tí kò ní òjò nínú. Ọ̀nà yẹn gbẹ, ó sì mọ́lẹ̀. Àwọn igi ńláńlá tí wọ́n ń pè ní platane dúró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì, ẹ̀ka wọn pàdé lókè, tó fi jẹ́ pé a ń bọ́ sínú òjìji, a ń bọ́ síta, òjìji, oòrùn, tí àwọn ìbejì fi ń pariwo nígbàkígbà tó bá ṣókùnkùn. Àlìkámà ti pọ́n, wọ́n ti ń gé e ní àwọn oko kan. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ilé ní agbègbè yẹn, torí òkúta ò pọ̀ níbẹ̀. Bí a ṣe ń jìnnà sí odò Tarn ni bíríkì ń dín kù, tí òkúta funfun ń gba ipò rẹ̀. Bí a bá ti rí pátákó orúkọ ìlú tó ní etí pupa, a gbọ́dọ̀ sọ eré di 50. Bí a bá rí orúkọ kan náà tí wọ́n fi ìlà gé, a ti jáde nìyẹn, a lè padà sí 90. Ọ̀pọ̀ ìlú ló jẹ́ pé a ò tíì sọ eré kalẹ̀ tán tí a fi rí ìlà náà.

A dé Lisle-sur-Tarn nígbà tí agogo méjìlá ti kọjá díẹ̀. Ìlú tó ní gbàgede onígun mẹ́rin láàárín ni, wọ́n sì kọ́ ilé yí i ká lórí òpó, tí ènìyàn lè rìn lábẹ́ wọn láìfi orí kan oòrùn. Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú owó fúráǹkì lọ́wọ́ kí n ra búrẹ́dì. Fúráǹkì ni wọ́n ṣì ń ná nígbà yẹn, pọ́n-ùn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10 nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé gbogbo wa ló lówó lójú ara wa. Ṣùgbọ́n owó ò ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, wọ́n ti ti ti ẹlẹ́ran, wọ́n ti ti báńkì; gbogbo ìlú ti wọlé lọ jẹun, kò sì sí ẹni tó máa jáde kí aago méjì tó lù. Èmi tí mo ti ń gbé ìlú tí ènìyàn ti ń jẹ sáńwíìṣì lórí ìdúró, mo bọ̀wọ̀ fún wọn.

Gàrí la mu, lábẹ́ igi kan, pẹ̀lú omi tútù láti inú fìríìjì, ṣúgà àti ẹ̀pà. Bàbá arúgbó kan tí kò lọ jẹun wá dúró tì wá, ó ń wo ife gàrí, ó ń wo aṣọ aláwọ̀ ewé tí àwọn ìbejì wọ̀. Bùrọ̀dá kí i. Bàbá náà ò béèrè ohun tí a ń mu. Ó ní òun rí ìdíje àná nínú tẹlifíṣọ̀n, àti pé Nàìjíríà mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí Paraguay na òun ni kí wọ́n lè lé Sípéènì lọ sílé. Òótọ́ ni pé Sípéènì gbá 6 wọ Bulgaria lálẹ́ ọjọ́ kan náà, tí ó sì tún lọ sílé nítorí ìnà tiwa. Bùrọ̀dá bínú, ó ṣàlàyé, ó fọwọ́ ya pápá sórí ilẹ̀, ó ní a kò mọ̀ọ́mọ̀. Bàbá náà mi èjìká, ó ní ohun tó dáa ni, pé òun ò fẹ́ràn Sípéènì. Láti ìgbà yẹn ni ara Bùrọ̀dá ti yá. Kí a tó dé Gaillac, ó ti gbà pé bóyá a mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Gaillac ni a ti fi N88 sílẹ̀ tí a yà sí àríwá, sí D922. Ọgbà àjàrà ni gbogbo rẹ̀ láti ibẹ̀, ìlà títọ́ lórí òkè kékeré, òkè lẹ́yìn òkè. Títì náà tóóró. A gba Cahuzac-sur-Vère kọjá, níbi tí ọkọ̀ kan tó kó koríko gbígbẹ pàdé wa ní kọ́nà. Awakọ̀ rẹ̀ wo wa, ó wo nọ́ḿbà mọ́tò wa, òun fúnra rẹ̀ fi ẹ̀yìn rìn, ó gbé wa kọjá pẹ̀lú ọwọ́ kan lórí fìlà. Mo wà láàyè láti jẹ́rìí pé kì í ṣe gbogbo Faransé ló ń yájú sí àlejò.

Lẹ́yìn náà ni títì wá yọ sórí òkè kan, ọkọ mi sì dá mọ́tò dúró láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Àfonífojì wà nísàlẹ̀ wa, odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Cérou ń ṣàn nínú rẹ̀, òkè kan ṣoṣo dá dúró láàárín rẹ̀, ìlú náà sì wé mọ́ orí òkè yẹn bí gèlè. Bùrọ̀dá ní, "Ogun ló gbé wọn débẹ̀." Kò tíì ka ìwé kankan nípa rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ó mọ ìlú tó ń sá fún nǹkan tó bá rí i.

Ó sì tọ́. Raymond Keje, ìjòyè ńlá tó ń ṣàkóso Toulouse, ló dá ìlú náà sílẹ̀ ní ọdún 1222, nígbà tí ogun ti jó agbègbè náà fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá. Póòpù ló pe ogun náà, sí àwọn Kátárì, onígbàgbọ́ tí ìjọ Kátólíìkì pè ní aládàámọ̀. Àwọn ìjòyè àríwá ilẹ̀ Faransé sì fi ẹ̀sìn bojú, wọ́n wá ń gba ilẹ̀ gúúsù. Àwọn tí ogun fọ́ ìlú wọn ni Raymond kó jọ sórí òkè. Ogun parí, àwọn tó sá wá kò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe awọ àti aṣọ, wọ́n ń tà á jìnnà, owó wọlé débi pé nígbà tó máa fi di ọ̀rúndún 14, àwọn oníṣòwò tó wà lórí àpáta yẹn ti ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta olókùúta gbígbẹ́.

Mọ́tò onílé kì í gun òkè yẹn. A gbé e sísàlẹ̀, a fi ẹsẹ̀ gùn ún. Mo pọn Táíwò pẹ̀lú ọ̀já, Kẹ́hìndé jókòó sí èjìká bàbá rẹ̀. Títì olókùúta ni, ó dán, ó sì ga tó fi jẹ́ pé bàtà Bùrọ̀dá ń yọ̀ sẹ́yìn. Àtẹ̀gùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pater Noster. Wọ́n ní iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú Àdúrà Olúwa lédè Látìn ni iye àtẹ̀gùn rẹ̀. Bùrọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í ka Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run lédè Yorùbá bí ó ṣe ń gùn. Ó dé Àmín kí àtẹ̀gùn tó tán, ó ní kí wọ́n gbé àga wá.

Ẹnubodè lẹ́yìn ẹnubodè ni a gbà kọjá. Ilé tó mú mi dúró ni èyí tí wọ́n ń pè ní ilé Grand Veneur, ilé àgbà ọdẹ. Ní iwájú rẹ̀, ní àjà kejì sókè, wọ́n gbẹ́ ìran ọdẹ jáde lára òkúta: ajá ń lé ehoro, ọdẹ kan ń ta ọfà, ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń sá. Ó ti lé ní 600 ọdún tí ehoro yẹn ti ń sá, kò sì tíì sí ẹni tó bá a. Lókè pátápátá ni ọjà àtijọ́ wà, òrùlé ńlá lórí òpó òkúta, pẹ̀lú kànga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó jìn ju 100 mítà lọ. Ìtàn kan wà pé àwọn ará ìlú ju aṣèwádìí ìjọ mẹ́ta sínú rẹ̀ nígbà ayé àwọn Kátárì. Àwọn òpìtàn kò gbà á gbọ́. Àwọn ará ìlú ò sì jáwọ́ nínú sísọ ọ́.

Mo fẹ́ sọ ti ṣọ́ọ̀bù kan ní apá ìsàlẹ̀ ọjà yẹn, torí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí.

Oòrùn mú, mo sì ti fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan bo orí Táíwò lẹ́yìn mi. Aṣọ ìyá ìyá mi ni, aláró ní Kémta, Abẹ́òkúta, ó ti lò ó títí ó fi rọ̀. Ìyá arúgbó kan, irun rẹ̀ funfun, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ. Bí a ṣe ń kọjá ló dìde, ó tọrọ àyè, ó di etí aṣọ náà mú. Kò wo iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀, ẹyẹ àti ìlà tí ìyá àgbà fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún yà. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn. Ó fi èékánná họ ọ́. Ó wá gbé e sí imú.

Ó tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti rí ẹnikẹ́ni tó gbóòórùn aṣọ báyẹn. Aláró nìkan ló ń ṣe é.

Ó béèrè lọ́wọ́ Bùrọ̀dá ẹni tó pa á láró. Mo sọ fún un. Ó wọlé, ó gbé agbọ̀n kan jáde, ó sì fi ìṣù kékeré kan lé mi lọ́wọ́: ewéko gbígbẹ tí wọ́n ṣù róbótó, dúdú díẹ̀, líle. Ẹnu mi ò lè sọ̀rọ̀. Ní Kémta, nínú yàrá tí mo sùn sí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, irú ìṣù bẹ́ẹ̀ ló wà nínú agbọ̀n lábẹ́ ibùsùn: ẹlú. Wọ́n á gún ewé rẹ̀ ní tútù nínú odó, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a sóòrùn títí á fi gbẹ, á sì wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ tí omi eérú bá kún ìkòkò aró.

Tiwọn kì í ṣe ẹlú. Pastel ni wọ́n ń pè é, ewéko kan tó máa ń yọ òdòdó ìyeyè. Òun ni wọ́n fi ń ṣe aró búlúù ní gbogbo agbègbè Toulouse àti Albi. Ọlọ òkúta tí ẹṣin ń fà ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣù ú, wọ́n á gbẹ ẹ, wọ́n á tún fọ́ ọ, wọ́n á wọ́n ọn lómi tàbí kí wọ́n tọ̀ sí i kó lè kan. Ìyá náà fi ìka ṣàpèjúwe aṣọ tó ń jáde láti inú ìkòkò: ó ń jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á wá kàn án, á di búlúù lójú ẹni. Mo mi orí. Mo fi ìka tèmi parí rẹ̀. Bùrọ̀dá, ògbufọ̀, ti dákẹ́ láti ìgbà díẹ̀, kò sì sí ẹni tó rántí rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdíje, a ti rí ilé kan ní Toulouse tí wọ́n ń pè ní Hôtel d'Assézat, ààfin bíríkì àti òkúta tí oníṣòwò kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1555. Mo ti rò pé ilé ọba ni. Owó pastel ni. Láàárín ọ̀rúndún 15 àti 16, aró yìí sọ àwọn ará Toulouse di olówó gbẹ̀gẹ́dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ogun ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀ láti ọdún 1562, ọkọ̀ ojú omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìńdígò wá láti Íńdíà, èyí tí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ìdì púpọ̀ ti pastel. Ìyá náà ní ọba gbìyànjú. Ní ọdún 1609, Henri Kẹrin fi òfin de ìńdígò, ó ní ikú ni ẹ̀san ẹni tó bá lò ó. Àwọn aláró sì lò ó. Napoleon náà tún gbìyànjú ní ìgbà tirẹ̀, nígbà tí ogun òkun òun àti Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí ìńdígò dé etíkun rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún gbin pastel fún aṣọ àwọn ọmọ ogun. Òun ṣubú, pastel náà ṣubú.

Mo ní kí Bùrọ̀dá sọ fún un pé àwa náà ní irú ọba bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1936, Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin de sódà líle àti aró Òyìnbó láàárín àwọn aláró Abẹ́òkúta, nítorí àwọn tó ń ra àdìrẹ ti ń ráhùn pé aṣọ ń gbó lójijì, àwọ̀ sì ń ṣí. Ó lérò rere, bóyá. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi sọ fún wa pé ẹni tó ti rí sódà tó ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ méje láàárín ọjọ́ kan kò ní padà sẹ́yìn eérú, àfi bí ọba bá máa wá bá a sẹ́ eérú náà. Àwọn obìnrin kò gbà, òfin náà kò sì dúró. Nígbà tí Bùrọ̀dá sọ ibi eérú yẹn, ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Ó wá fi ìborùn kan hàn mí, búlúù pastel gidi. Ó pe 200 fúráǹkì. Kí n tó la ẹnu, Bùrọ̀dá ti ní 80. Ojú tì mí. Kò ti ìyá náà. Wọ́n ná a títí, ó ta á ní 120, ó sì fi ìṣù pastel kan sí i ní ènì. Ènì, ní orí òkè ní Faransé. Bùrọ̀dá ní kò yàtọ̀ sí Dantokpa àfi òkè.

Nǹkan mìíràn wà tí ìyá náà sọ kí a tó lọ, tí mo gbé sọ́kàn. Ó ní nígbà tí iṣẹ́ ti kúrò lórí òkè wọn tán, ní ìparí ọ̀rúndún 19, ẹ̀rọ iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ láti Saint Gallen ní Súwísàlándì ló tún gba ìlú náà là. Ilé lẹ́yìn ilé ni wọ́n gbé e sí. Saint Gallen! Ibẹ̀ gan-an ni léèsì Súwísì tí gbogbo ìyá wa ń dá fún òde ti ń wá. Mi ò sọ ìyẹn fún un. À bá tún lo wákàtí kan.

Nísàlẹ̀, mo fi káàdì tẹlifóònù pe Abẹ́òkúta láti inú àgọ́ kan létí títì. Káàdì yẹn ní òǹkà lórí rẹ̀. Bí o bá ń pe Nàìjíríà, ó ń sáré bí o ṣe ń wò ó. Ilé aládùúgbò ni fóònù wà, wọ́n ní kí n dúró kí wọ́n lọ pe ìyá mi, ìdajì káàdì sì lọ sórí ìdúró náà. Ìyá mi ò béèrè bọ́ọ̀lù. Ó ní, "Wọ́n ní wọ́n máa tó fi MKO sílẹ̀ o. Wọ́n ti ń kun ilé rẹ̀." Mo ní mo wà ní ìlú àwọn aláró. Ó ní, "Níbo?" Káàdì tán.

A sùn lẹ́bàá odò Cérou lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo se ẹ̀bà, Bùrọ̀dá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ Àìkú, Dẹ́ńmáàkì na wa ní 4 sí 1. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje, nígbà tí a ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù tí a sì ti dá mọ́tò padà, Abíọ́lá kú sínú àtìmọ́lé. Àwọn tí wọ́n ń kun ilé rẹ̀ sílẹ̀ de òmìnira rẹ̀ ni wọ́n gba òkú rẹ̀ wọlé.

Mo mú ìṣù pastel yẹn lọ sí Abẹ́òkúta nígbà tí mo lọ sílé, mo gbé e fún àgbàlagbà aláró kan ní Ìtòkú láìsọ ibi tó ti wá. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó bù ú díẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Ẹlú ni, ṣùgbọ́n kò lágbára. Ta ló tà á fún ọ?" Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìńdígò kan náà ló wà nínú méjèèjì, ti pastel ló kéré.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, Cordes kò jìnnà sí Gaillac, kò tó wákàtí kan. Ẹ má gbé ọkọ̀ onílé gun òkè, ibi ìgbọ́kọ̀sí wà nísàlẹ̀. Bàtà tí kì í yọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ ra búrẹ́dì yín kí agogo méjìlá tó lù, kí ẹ sì ná ọjà. Bóyá wọ́n á fi ènì sí i.